Ìdánwò Àwọn Ayálégbé Ilé Orí Omi Wa

Awoye, létí òkun Ìlàjẹ,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tí a kúrò lọ́jà.

Ọlọ́lá ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà, ṣé o ń sùn, ṣé o ń jẹun kí o tó jáde láàárọ̀ àbí tíì lásán ni o tún ń mu bíi ti ìjọ́sí? Àwa wà láàyè níbí, omi wà nísàlẹ̀ ilé, àwa wà lókè rẹ̀, bó sì ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ àwa tí a wà lórí omi yóò máa ṣọ́ ìwọ tí o wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, nítorí mo gbọ́ pé ewu ilẹ̀ gbígbẹ pọ̀ ju ti omi lọ, òkun máa ń ní ìgbà tó ń kún àti ìgbà tó ń fà, ṣùgbọ́n mọ́tò Èkó kì í fà rárá. Ẹni tí yóò mọyì rẹ kò ní ṣìnà ilé rẹ. Àmín. Bàbá rẹ kí ọ, ó jókòó sẹ́yìn mi báyìí tó ń tún àwọ̀n ṣe, ó ní kí n sọ fún ọ pé ìbàdí tó ń dun òun ti lọ sí eékún, àmọ́ eékún sàn díẹ̀.

Má bínú pé n kò pè ọ́ lórí fóònù. Nígbà tí mo pè ọ́ kẹ́yìn, kí n tó kí ọ tán, kí n tó béèrè àwọn tí ẹ jọ ń gbé, owó inú rẹ̀ ti tán, n kò sì tíì dé orí ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo wá jókòó ṣírò ó, mo rí i pé ìwé àti bírò kan kò tó ìdajì owó ìkíni lásán lórí fóònù, Dáníẹ́lì ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ tó ń kó edé wá sí Èkó yóò sì mú lẹ́tà náà wá fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí náà mo lè máa sọ̀rọ̀ lọ títí ọwọ́ á fi dùn mí.

Ọ̀rọ̀ ilé wa ni mo fẹ́ bá ọ sọ, ilé oníyàrá mẹ́ta tó so mọ́ tiwa, tí o fi owó pákó rẹ̀ ránṣẹ́, tí bàbá rẹ àti Ísákì ọlọ́kọ̀ ri òpó rẹ̀ mọ́ inú omi, tí a fi ń gba ayálégbé. Nígbà tí o wá kí wa ní àsìkò Àjíǹde, o sọ fún mi pé iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe ní ọ́fíìsì yín ni kí ẹ máa kọ́ àwọn onílé bí wọ́n ṣe ń bá ayálégbé gbé. O ní onílé tó mọṣẹ́ máa ń dá ayálégbé rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ nípa ilé tó ń gbé, ó máa ń ràn án lọ́wọ́, ó máa ń tètè ṣe ohun tó bá béèrè, ó máa ń dá gúrúùpù sílẹ̀ lórí fóònù tí wọ́n á ti máa fẹjọ́ sùn, kì í sì í wọ yàrá ayálégbé láìjẹ́ pé ó ti sọ fún un ní ọjọ́ kan gbáko ṣáájú. O sọ ọ́ bí ẹni ń ṣeré, ṣùgbọ́n èmi kò fi ṣeré. Bí àwọn onílé Èkó bá ń sanwó kí wọ́n tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ọmọ tí mo bí wá sọ ọ́ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ nídìí àwo ẹja, ta ni mí tí n kò ní ṣe é.

Kí o lè mọ àwọn tó wà nílé náà báyìí, Lawrence ló wà ní yàrá àkọ́kọ́, ọmọkùnrin wẹ́dà tó ń bá àwọn agbaṣẹ́ṣe ilé iṣẹ́ epo jó irin, ọmọ ẹlẹ́rìn-ín ni, àmọ́ ó ń jẹun púpọ̀. Tíṣà Olówòkéré ló wà láàárín, ará Ìdànrè, tó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé wa ní ìṣirò. Yàrá kẹta tó kọjú sókun ni ti Nọ́ọ̀sì Ọmọ́yẹlé tí ìjọba rán wá láti Àkúrẹ́ sí ilé ìwòsàn wa. Ará Ọ̀kà Àkókó ni, lórí òkè lọ́hùn-ún, láti ìgbà tí wọ́n sì ti bí i, omi tó pọ̀ jù lọ tó tíì rí kò ju èyí tó wà nínú kànga.

Nọ́ọ̀sì yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. O mọ̀ pé èyí tó wà ṣáájú rẹ̀ kò pẹ́ rárá, ó ní òun ń gbọ́ tí omi ń bá òun sọ̀rọ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì bá ọkọ̀ ẹlẹ́ja lọ láìgba ẹrù rẹ̀ tán. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ti ilé ìwòsàn pa. Nígbà tí ìyàwó Táyé ń rọbí, Igbókòdá ni wọ́n ń gbé e lọ, ó sì bímọ sínú ọkọ̀ Ísákì láàárín ọ̀nà. Ìyá àti ọmọ yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n Ísákì ní èrò ọkọ̀ òun ti lé ọ̀kan nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, ó sì fẹ́ gbowó orí ọmọ tuntun náà. Títí di òní, Táyé kì í kí i. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì Ọmọ́yẹlé wá dé, Baálẹ̀ pè mí, wọ́n ní ilé mi ló dára jù ní gbogbo etídò yìí, ọ̀dọ̀ mi ni kó máa gbé, bó bá sì sá lọ, ọwọ́ mi ni àwọn yóò ti béèrè rẹ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe dá iléèwé àwọn ayálégbé sílẹ̀. N kò ná owó púpọ̀ lé e lórí. Pákó ìdí ọkọ̀ bàbá rẹ tó ti fọ́ ni mo fi ṣe pátákó, mo fi èédú àti omi sítáàṣì kùn ún dúdú, ṣọ́ọ̀kì nìkan ni mo rà. Irin ẹ́ńjìnnì tó ti kú ni agogo. Alaalẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni a ń ṣe é lẹ́yìn àdúrà ṣọ́ọ̀ṣì, n kò sì ra kẹ́rósínì, nítorí iná gáàsì tí àwọn elépo ń jó lókè omi ń tàn dé ẹnu ilẹ̀kùn wa, mo ní bí wọn kò bá fún wa ní iná mànàmáná, kí a kúkú fi èyí tí wọ́n ń fi ṣòfò kàwé. Bàbá rẹ ní láti ìgbà tí òun ti dáyé, òun kò tíì gbọ́ pé èèyàn ń san owó ilé kí wọ́n tún fún un ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Mo sọ fún un pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Èkó nìyẹn. Ó ní ó burú, ó padà sídìí àwọ̀n rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kìíní ni bí a ṣe ń so ọkọ̀ mọ́ òpó. Tíṣà Olówòkéré kọ́kọ́ kọ̀, ó ní òun ti gba ìwé ẹ̀rí, òun kò ní jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú obìnrin tó ń ta ẹja. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló yá ọkọ̀ kékeré wa nígbà tí omi kún, ó so ó mọ́ òpó pẹ́kípẹ́kí bí ẹni so ewúrẹ́, ó wọlé lọ sùn. Nígbà tí òkun fà, omi lọ sísàlẹ̀, ọkọ̀ kò lè bá a lọ, ó rọ̀ dirodiro lára òpó bí ẹja tí a fi ìrù kọ́ sókè iná. Gbogbo àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ kọjá lórí afárá pákó, wọ́n rí i, wọ́n ní Tíṣà ti sá ọkọ̀ sóòrùn kó gbẹ. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, òun ló kọ́kọ́ dé kíláàsì.

Ẹ̀kọ́ kejì ni omi mímu, pé kí wọ́n jẹ́ kí òjò fọ òrùlé mọ́ ná kí wọ́n tó gbé dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ rẹ̀. Ìrànwọ́ tí mo ṣe fún wọn níbẹ̀ ni pé mo fún yàrá kọ̀ọ̀kan ní dúrọ́ọ̀mù, dúrọ́ọ̀mù bàbá rẹ àtijọ́ ni, mo fọ̀ ọ́ títí òórùn epo fi kúrò, tàbí kó kù díẹ̀. Ẹ̀kọ́ kẹta ló ṣòro jù, òun ni ti àlàfo ilẹ̀. O mọ̀ pé a kì í kan pákó ilẹ̀ ilé orí omi pọ̀ mọ́ra, a máa ń fi àyè tó gba ìka sílẹ̀ láàárín wọn, kí omi tó bá ru sókè lè ráyè wọlé kó sì ráyè jáde. Mo ní kí bàbá rẹ wá bá wọn sọ ọ́ nítorí òun ló kan ilẹ̀ náà. Ó dìde, ó tún ṣòkòtò rẹ̀ ṣe, ó ní bí omi bá dé, ẹ jẹ́ kó kọjá, ó sì jókòó. N kò tíì rí olùkọ́ tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kúrú tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ṣọ́ọ̀kì kankan kò sì dín.

Lẹ́yìn náà ni mo fún wọn ní ìdánwò. Lawrence gba márùndínláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, mo fún un ní ẹja gbígbẹ kan. Tíṣà gba méjìdínláàádọ́ta, ó bínú, ó ní kí n tún un máàkì, mo tún un máàkì, ó di mẹ́rìndínláàádọ́ta nítorí mo rí àṣìṣe míì níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì gba ọgbọ̀n péré. Níbi tí mo ti béèrè pé kí la máa ń ṣe sí àlàfo tó wà nínú ilẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé a máa ń dí i pa. Mo bi í léèrè kí ló dé, ó ní láti inú àlàfo náà ni òun ti ń rí omi ní gbogbo ìgbà, pé bí òun bá sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, òun a rí i tó ń dán nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ òun, pé alákàn kan gba ibẹ̀ wọlé wá jókòó sínú bàtà òun. Ó ní òun fẹ́ràn mi, òun fẹ́ràn ìlú, ṣùgbọ́n bó bá fi máa di ìparí oṣù tí òun kò tíì rí oorun sùn, òun yóò kọ̀wé sí Àkúrẹ́ kí wọ́n wá gbé òun kúrò.

Ọmọ mi, ọkàn mi já. Mo rántí pé o ní kí n tètè ṣe ohun tí ayálégbé bá béèrè. Mo ní kí n tiẹ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ wọn lórí gúrúùpù bí o ṣe sọ, nítorí náà mo fi okùn so fóònù mi kọ́ ìṣó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sọ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé ẹni tó bá ní ẹ̀sùn kó dúró níwájú rẹ̀ kó sọ ọ́ tọkàntọkàn. Wọ́n ń lọ síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Lawrence tilẹ̀ pẹ́ níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo wò ó yíká, n kò rí ẹ̀sùn kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Lóòótọ́ mo pa á ní gbogbo àsìkò náà kí bátìrì má baà tán, nítorí igba náírà ni wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan láti fi jẹnẹrétọ̀ gba iná sí i, ṣùgbọ́n mo rò pé ẹni tí nǹkan bá dùn gan-an yóò sọ ọ́ kó wọ inú rẹ̀. Mo ní ó dára, kò sí ẹ̀sùn míì, àlàfo ilẹ̀ Nọ́ọ̀sì nìkan ló kù.

Mo wọkọ̀ lọ sí Igbókòdá láti gba owó nínú bánkì kí n fi ra kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ sọ iye tó kù fún mi, mo rí i pé kò pé, ó ti dín. Ó ní wọ́n yọ díẹ̀ ni, owó ìtọ́jú. Mo ní kò burú, owó mi ni ayálégbé lọ́dọ̀ wọn, ayálégbé sì gbọ́dọ̀ san owó ilé, ṣùgbọ́n onílé náà ní ojúṣe tirẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ fi yàrá tí owó mi ń gbé hàn mí, kí n mọ̀ bí òjò kò bá ń jò sí i. Ó wò mí títí. Mo tún bi í bóyá wọ́n ń fún un ní ẹ̀kọ́ kankan. Ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá náà sì fún mi ní omi tútù, ó bẹ̀ mí kí n máa lọ. Mo fẹ́ kí o bá wọn sọ̀rọ̀, ó jọ pé kò sẹ́ni tó kọ́ àwọn onílé yẹn níṣẹ́.

Mo ra kápẹ́ẹ̀tì náà, mo dúnàá dúrà títí ọlọ́jà fi ní òun kò fẹ́ rí mi mọ́. Nígbà tí mo gbé e dé, bàbá rẹ dá ọwọ́ àwọ̀n dúró. Ó ní ilé náà kò ní fẹ́ ẹ. Mo ní ilé kọ́ ló ń gbé ibẹ̀, Nọ́ọ̀sì ni. Mo fún Nọ́ọ̀sì ní ìkìlọ̀ ọjọ́ kan gbáko, nígbà tó pé, mo wọlé, mo tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì náà láti ògiri dé ògiri, mo kan ìṣó yí etí rẹ̀ ká, kò sí ibi tí abẹ́rẹ́ lè gbà wọlé. N kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló sùn fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ń hanrun tó bẹ́ẹ̀ tí Tíṣà fi kan ògiri. Inú mi dùn, mo ní Ọlọ́lá ọmọ mi gbọ́n.

Òkun kò gba ìkìlọ̀ kankan. Láàárọ̀ Sátidé kan, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, a rí i tí omi ń bọ̀, kò pariwo, ó kàn ń ga sí i ni. A ti mọ irú rẹ̀, a fi àwọn nǹkan kọ́ sókè. Ní yàrá Lawrence, omi gba àlàfo wọlé, ó fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì jáde padà. Ní ti Tíṣà náà bẹ́ẹ̀, ó ti gun orí tábìlì pẹ̀lú ìwé àwọn ọmọ iléèwé. Ṣùgbọ́n ní yàrá Nọ́ọ̀sì, omi kò rí ọ̀nà. Kápẹ́ẹ̀tì náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí àkàrà nínú epo gbígbóná, pákó abẹ́ rẹ̀ ń gbéra, ìṣó ń fò jáde, òpó kan sì dún tí gbogbo wa gbọ́ ọ. Ilé wa, Ọlọ́lá, ilé tí o rán owó rẹ̀ wá, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sí apá kan bí ẹni fẹ́ bá òkun lọ. Ilẹ̀ tó wú ti há ilẹ̀kùn mọ́ Nọ́ọ̀sì lórí, ó ń kígbe nínú yàrá.

Lawrence gbé irin, ó fẹ́ fọ́ ilẹ̀kùn. Mo di í mú. Mo ní n kò tíì fún un ní ìkìlọ̀, ọjọ́ kan gbáko ni òfin wí, bí a bá wọlé báyìí, a ti ṣẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀tọ́. Bàbá rẹ wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí, ó ní ilé ń lọ sí Kòtónú, ìwọ ń ka òfin. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kó jẹ́ pé èmi ni n óò ṣẹ̀ ẹ́ tí yóò fi sá lọ. Mo lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo fi ẹnu sí àlàfo pákó, mo sì ṣe ohun tí olùkọ́ ń ṣe.

Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, ìbéèrè ẹ̀kọ́ kẹta. Bí omi bá dé, kí la máa ń ṣe?"

Igbe náà dákẹ́. Mo wá gbọ́ ohùn rẹ̀, ó kéré bíi ti ọmọ kíláàsì kìíní, ó ní, "A máa ń jẹ́ kó kọjá."

Mo ní, "Ó dára. Kí ló dí i lọ́nà?"

A gbọ́ tí kápẹ́ẹ̀tì ń ya. Àlùmọ́gàjí tó fi ń gé báńdéèjì ló mú, ó gé e láti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà, ó tún gé e níbùú. Omi tú jáde láti abẹ́ bí ìgbà tí a bá ṣí ìdérí ìkòkò, ó mù ún dé orúnkún, ilé náà sì mí kanlẹ̀, ó padà jókòó sórí òpó rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí fúnra rẹ̀. Nọ́ọ̀sì jáde wá tòun ti àlùmọ́gàjí lọ́wọ́, ó tutù rinrin, kò sunkún, kò rẹ́rìn-ín, ó kàn bi mí pé èló ni òun gbà. Mo ní ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Lawrence ní ìwà ojúsàájú ni, pé òun fúnra òun dáhùn ìbéèrè kan náà dáadáa, márùndínláàádọ́rùn-ún sì ni òun gbà. Mo ní òun kò dáhùn tirẹ̀ nínú omi.

Nígbà tí òkun fà tán, Nọ́ọ̀sì kó àpótí rẹ̀ méjèèjì síta sórí afárá. Áà, ó yẹ kó o rí ìlú yìí lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó bá kọjá tó rí àpótí a sáré lọ sọ fún ẹlòmíì pé Nọ́ọ̀sì ti ń lọ. Kò pẹ́ tí Moríkẹ́ alájọpín ìsọ̀ mi fi gbé òkèlè púpurú àti ọbẹ̀ ẹja wá, ìyàwó Táyé gbé ọmọ rẹ̀ wá jókòó sí i lẹ́sẹ̀. Baálẹ̀ fúnra wọn wá, wọ́n wò mí, wọn kò kí mi. Nọ́ọ̀sì ní aṣọ òun ló tutù, òun ń sá a ni. Baálẹ̀ bi í bóyá yóò dúró. Ó ní òun kò tíì mọ̀. Ó jẹ púpurú náà tán, síbẹ̀ ó ní òun kò tíì mọ̀.

Èmi kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ yẹn. Ọlọ́run ló wá ràn mí lọ́wọ́ nípa ìdánwò tèmi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń gun àkàbà láti inú ọkọ̀, èémí mi kò fẹ́ bá mi gòkè. Nọ́ọ̀sì rí mi, ó ní kí n jókòó, ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá wá, ó ní òun náà fẹ́ dán mi wò. Mo jókòó dáadáa, mo ronú sí i, mo sapá. Nígbà tó kà á tán, ó ní mo gba ọgọ́jọ lórí ọgọ́rùn-ún.

Ọlọ́lá, ọgọ́jọ lórí ọgọ́rùn-ún! Láti ìgbà tí mo ti fi iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, n kò tíì gba irú máàkì bẹ́ẹ̀ rí, àní èmi tí mo ń fún wọn ní ìdánwò kò mọ̀ pé èèyàn lè kọjá ọgọ́rùn-ún. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo lọ sọ ọ́ fún Moríkẹ́ lọ́jà, mo sọ ọ́ fún Tíṣà kó lè mọ irú ẹni tó ń kọ́ ọ. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ pe Nọ́ọ̀sì wá, òun ló wá ṣàlàyé fún mi pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni, pé nínú ìdánwò yìí, bó bá ṣe kéré sí i ló ṣe dára sí i tó. Ó fún mi ní oògùn, ó ní kí n máa lo ẹyọ kan láràárọ̀, kí n dín iyọ̀ kù, kí n má ṣe máa gbé agbọ̀n ẹja nìkan. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tó dùn mọ́ mi ju máàkì náà lọ. Ó ní, "Ìyá, mi ò lè kúrò nílé yìí títí èyí á fi wálẹ̀."

O mọ̀ mí, mo mọ ìṣirò. Mo lọ jókòó sẹ́yìn ilé, mo rò ó. Bí ẹ̀jẹ̀ mi bá tètè wálẹ̀, Nọ́ọ̀sì yóò lọ. Bí kò bá tètè wálẹ̀, yóò dúró, ilé ìwòsàn yóò wà ní ṣíṣí, ẹnikẹ́ni kò ní bímọ sínú ọkọ̀ mọ́, Ísákì kò sì ní gbowó orí ọmọ ìkókó. Mo wá mú ọ̀bẹ, mo ń gé oògùn náà sí méjì. Ìdajì láàárọ̀, mo fi ìdajì pa mọ́. Mo rí i pé èrè ibẹ̀ jẹ́ méjì, Nọ́ọ̀sì yóò pẹ́, oògùn náà yóò sì pẹ́. N kò sọ fún bàbá rẹ.

Ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì náà mọ ìṣirò. Lọ́jọ́ tí oògùn yẹ kó tán, ó wá wo ọ̀rá rẹ̀, ó bá ìdajì tó kún inú rẹ̀. Ó bi mí, n kò lè purọ́ fún un, mo sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí. Ó jókòó sórí ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ sínú àlàfo tó wà létí àkàbà, òun tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀ kò lè wo omi.

Ó ní, "Ìyá, ẹ lo oògùn yín pé. Mo ti kọ̀wé sí Àkúrẹ́ pé kí wọ́n fi mí sílẹ̀ síbí."

Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti gé kápẹ́ẹ̀tì yẹn lòun ti ń sùn, pé ohun tí òun ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀ kò ju pé òun kò mọ ohun tí òun yóò ṣe bó bá dé. Ó ní kí n kọ́ òun bí a ṣe ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀, kí òun lè máa lọ bá àwọn aboyún nílé wọn. Bàbá rẹ ló ń kọ́ ọ báyìí. Ó ń yí lójú kan bí ewé orí omi, àwọn ọmọdé ń kà á, ṣùgbọ́n kò sọ̀kalẹ̀. Baálẹ̀ ti ń kí mi padà.

Mo ń lo oògùn mi pé báyìí. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ó di àádọ́jọ. Ìyẹn ni pé mo ti ń fìdí rẹmi díẹ̀díẹ̀, inú gbogbo ilé sì ń dùn sí i, Lawrence ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Nítorí náà má ṣe fò sókè bí o bá ka lẹ́tà yìí, má sì wọkọ̀ wá, owó ọkọ̀ ti lọ sókè.

Ohun tí mo fẹ́ kí o rán sí mi kò pọ̀, mo ti ṣírò ó wálẹ̀ bó ṣe yẹ. Owó pákó mẹ́fà àti òpó kan tí a ó fi tún yàrá Nọ́ọ̀sì ṣe, ìṣó wà, mo ti ṣa gbogbo èyí tó fò jáde, bàbá rẹ sì ti ń nà án. Owó oògùn oṣù mẹ́ta, nítorí wọ́n ń dín in fún ẹni tó bá rà á papọ̀. Páálí ṣọ́ọ̀kì kan. Bí o bá rí kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà ní owó pọ́ọ́kú, má rà á. Fi owó náà rán Dáníẹ́lì, má fi sí bánkì, kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀ tán kò ní ṣẹ́ kù.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yóò máa dùn ún wò. Ibi tí o bá tẹ ẹsẹ̀ sí yóò gbà ọ́ dúró, wàhálà tó bá sì ń bọ̀ wá bá ọ yóò rí àlàfo gbà kọjá láìgbé ilé rẹ lọ. Bá mi gbàdúrà kí n tún fìdí rẹmi ní Ọjọ́bọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń rántí rẹ lórí omi,
Màríà.